Westray sí Papa Westray: báwo ló ṣe jìnnà tó, ìṣẹ́jú mélòó ni bàálù ń lò?

ÌyáDébọ̀_Aberdeen
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ìrìnàjò ni mo bá wá. Ọkọ mi ò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kò mutí, bàálù ni tirẹ̀. Ó ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́ pé tí ìsinmi bá dé, a gbọ́dọ̀ lọ sí àwọn erékùṣù Orkney lókè Scotland, ká lọ wọ bàálù tí wọ́n ní kò sí èyí tí ìrìn rẹ̀ kúrú tó o láyé, láti Westray sí Papa Westray. Èmi ni mo sì máa ṣètò rẹ̀. Ẹ mọ bí ilé ṣe rí, ẹni tó fẹ́ nǹkan kọ́ ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo wo ojú òpó kan tó ń ṣírò ìrìnàjò, ó ní 30 ìṣẹ́jú ni láti pápákọ̀ òfurufú kan sí èkejì. Mo wo òmíràn, ó ní ìṣẹ́jú 2. Ẹ̀kẹta ní máìlì 1.7, ẹ̀kẹrin ní 1.5. Èwo ni kí n gbà? Ṣé a lè ti Kirkwall, olú ìlú Orkney, lọ ká sì padà lọ́jọ́ kan náà? Débọ̀ máa bá wa lọ, ọmọ ọdún mẹ́fà ni, àti màmá ọkọ mi tó wá kí wa láti Ìjẹ̀bú-Òde. Orúnkún ń dun màmá. Ẹ bá mi dá sí i.

Onímáàpù_Leeds
Àǹtí, ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti bó ṣe jìnnà tó, torí òun ló rọrùn jù. Tí ẹ bá fa ìlà gbọọrọ láti pápákọ̀ Westray dé ti Papa Westray, kìlómítà 2.7 ni, ìyẹn máìlì 1.7 irú èyí tí wọ́n ń kọ sójú títì ní Britain. Máìlì tí àwọn atukọ̀ ojú omi ń lò gùn ju ti ojú títì lọ, òun náà sì ni àwọn awakọ̀ òfurufú ń lò. Nínú tiwọn, nǹkan bíi 1.5 ló já sí. Ọ̀nà kan náà ni, òṣùwọ̀n ló yàtọ̀.

Ti 30 ìṣẹ́jú yẹn wá ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn ojú òpó wọ̀nyẹn ò wo irú bàálù tó ń na ọ̀nà. Wọ́n á mú iye kìlómítà, wọ́n á fi eré bàálù ńlá pín in, nǹkan bíi kìlómítà 800 ní wákàtí kan, wọ́n á wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e fún gbígbéra àti bíbalẹ̀. Tó bá jẹ́ Èkó sí London lẹ̀ ń lọ, ìṣirò yẹn ò ní jìnnà sí òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣe níbí: bàálù ńlá á sá kìlómítà 2.7 tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 12, wọ́n wá fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé ìṣẹ́jú àáyá 12. Ènì wá pọ̀ ju ọjà lọ.

Bàálù tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Britten-Norman Islander ni. Ẹ́ńjìnnì méjì, èrò mẹ́jọ, ó tán. Erékùṣù ni wọ́n ti ṣe òun alára, ní Isle of Wight, ọdún 1965 ló sì kọ́kọ́ fò. Tó bá ti wà lókè, nǹkan bíi kìlómítà 240 ní wákàtí kan ló ń sá. Ẹ fi 240 pín 2.7, ìṣẹ́jú àáyá 40 àti díẹ̀ lẹ ó rí. Ṣùgbọ́n ta ni ó jẹ́ kó sá eré yẹn látìbẹ̀rẹ̀ dópin? Bó ṣe ń kó eré jọ tán ló tún gbọ́dọ̀ máa dẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kọ ìṣẹ́jú 2 sínú táímùtébù. Ẹ gba 2 yẹn, ẹ gbàgbé ọgbọ̀n.

Bùọ̀dáSule_Ìkẹjà
Ẹ gbà mí o! Ìṣẹ́jú méjì! Rọ́nwéè tó gùn jù ní Murtala Muhammed níbí, mítà 3,900 ni. Ìyẹn ni pé tí wọ́n bá gbé pápákọ̀ méjèèjì wá sí Ìkẹjà, orí rọ́nwéè wa kan ṣoṣo ni wọ́n máa jókòó sí, àyè á sì tún ṣẹ́kù. Kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe afárá? Èèyàn á máa fi ẹsẹ̀ rìn ín.

Ará_Òkun_Kirkwall
Bùọ̀dá Sule, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín. Papa Westray tí ẹ̀ ń wò yẹn (Papay ni àwọn onílé ń pè é), èèyàn 90 ni ìkànìyàn 2011 bá níbẹ̀. Westray ní 588. Ta ló fẹ́ da owó afárá sínú òkun Àríwá nítorí èèyàn tí kò kún ilé ìjọsìn kan? Omi tó wà láàárín wọn, Papa Sound, ẹ máa rò pé ọ̀sà ni tí ẹ bá wò ó lójú máàpù. Ẹ dúró létí rẹ̀ nígbà òtútù kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ afárá.

Àǹtí ÌyáDébọ̀, Kirkwall ni mo ń gbé, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ló gbé mi débí. Gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n wa ní Leeds sọ ló tọ̀nà. Àmọ́ kò sí ẹni tó ń fi ìṣẹ́jú méjì lọ sí Papay. Ohun tó máa jẹ àkókò yín kò sí lófurufú rárá.

Àkọ́kọ́, ẹ ò lè wọ ọkọ̀ yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àfi tí ẹ bá ti wà ní Westray. Kirkwall ni bàálù ilé iṣẹ́ Loganair ti ń jáde láàárọ̀, á wá máa yí àwọn erékùṣù po bíi dánfó tó ń já èrò: Westray, Papay, Sanday, Stronsay, Eday, North Ronaldsay. Ọdún 1967 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ti Westray sí Papay. Kì í wá ṣe gbogbo ìyípo ló ń kan àwọn méjèèjì. Òmíràn á gba Westray lọ sí Papay kó tó padà sí Kirkwall. Òmíràn á kọ́kọ́ dé Papay. Òmíràn ò ní ya ọ̀kan nínú wọn rárá. Tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì Kirkwall sí Papay láìwo ibi tí bàálù máa yà, ẹ lè dé Papay tààràtà, kí ọkọ yín máa wojú yín pé ìṣẹ́jú méjì òun dà. Òpin ọ̀sẹ̀ tún ni ká ṣọ́ra fún. Ẹ má retí pé Sátidé tàbí Sunday máa ní àlọ àti àbọ̀ láàárín àwọn méjèèjì bíi ti àárín ọ̀sẹ̀. Ẹ mú Tuesday tàbí Wednesday.

Láti Kirkwall dé Westray, nǹkan bíi ìṣẹ́jú 15 ni lófurufú. Ìṣẹ́jú díẹ̀ nílẹ̀ kí èrò tó bọ́, ìṣẹ́jú méjì yín, ìṣẹ́jú díẹ̀ nílẹ̀ tún ni, lẹ́yìn náà bíi 15 padà sílé. Ẹni tó bá jókòó sínú bàálù náà láìsọ̀kalẹ̀ máa ṣe gbogbo rẹ̀ tán kó tó pé wákàtí kan. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ rìn kiri, wákàtí mélòó kan ló máa fi dúró de èyí tó ń bọ̀. Ìyẹn gan-an ni ìrìnàjò.

Èkejì ni atẹ́gùn. Òun ni ọ̀gá níbí. Bàálù ń kọjú sí atẹ́gùn láti gbéra, ó sì ń kọjú sí i láti balẹ̀. Westray wà lápá ìwọ̀-oòrùn, Papay lápá ìlà-oòrùn. Tí atẹ́gùn bá ti ìlà-oòrùn wá, ẹ ó gbéra ní Westray, rọ́nwéè Papay á ti wà níwájú yín gbọọrọ, á kàn rọra sọ̀kalẹ̀ sí i. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń sáré. Èyí tó yá jù tí wọ́n tíì ṣe, ìṣẹ́jú àáyá 53 ni. Captain Stuart Linklater ló ṣe é, ọkùnrin tó fò ó ju ìgbà 12,000 lọ kó tó fẹ̀yìntì ní 2013. Ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn bá ti ìwọ̀-oòrùn wá, bó ṣe máa ń ṣe jù lọ́dọ̀ wa, bàálù á kẹ̀yìn sí ibi tó ń lọ kó tó gbéra, á yí po lókè, á kọjá Papay díẹ̀, á tún yí padà kó tó balẹ̀. Ẹ ti kọjá ìṣẹ́jú méjì nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa dá owó yín padà nítorí rẹ̀ 😀

Ẹ̀kẹta, kùrukùru. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn gan-an ló ń yọ́ wá láti ojú omi, haar ni wọ́n ń pè é níbí. Oòrùn lè máa ràn ní Kirkwall kí Papay má ríran. Tó bá ti bo rọ́nwéè, a ó jókòó, a ó mu tíì. Ẹ má fi bàálù Aberdeen tó ń mú yín padà sílé sí ọjọ́ kan náà pẹ̀lú rẹ̀ láé.

ÌyáDébọ̀_Aberdeen
Háà, ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀rọ̀ ti wá yé mi. Ṣùgbọ́n màmá ńkọ́? Ṣé àtẹ̀gùn pọ̀ láti wọlé? Màmá ní tí òun bá lè nawọ́ kan awakọ̀, òun ò wọ̀ ọ́.

Ọmọ_Èkìtì_Glasgow
Á, màmá lè nawọ́ kàn án o! Kí a má purọ́ fún wọn.

Mo ti wọ̀ ọ́, mo sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè orí, ìyẹn ni pé ikùn rẹ̀ kò jìnnà sílẹ̀, kò sí àtẹ̀gùn gíga bíi ti àwọn bàálù ńlá. Ìgbésẹ̀ kékeré kan ni, ẹ ti wà nínú rẹ̀. Ibi tó ti le fún ẹni tí orúnkún ń dùn ni pé kò sí àlàfo láàárín tí èèyàn lè rìn gbà. Bí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n ṣe to ìjókòó, méjì méjì, ẹ̀gbẹ́ ni ilẹ̀kùn wà. Wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn ìlà tìrẹ, wàá fi ìdí wọ́ wọlé, wàá ká ẹsẹ̀ sókè tẹ̀lé e. Kí wọ́n fi màmá síbi tó sún mọ́ ilẹ̀kùn. Kí ẹ sì sọ ti orúnkún náà nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe létí bàálù, torí àwọn ni wọ́n ń pín ìjókòó, wọ́n sì ń fi bí èèyàn ṣe wúwo pín in. Wọ́n máa bi yín léèrè ìwọ̀n ara. Ẹ má bínú, ẹ má sì dín in kù. Bàálù kékeré ni, ó fẹ́ mọ ẹrù tó gbé.

Awakọ̀ ò ní igbákejì. Òun ló máa yíjú sẹ́yìn, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi sọ fún yín ibi tí bẹ́líìtì wà àti ibi tí ẹ ó gbà jáde. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń fi èrò kan sí ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ yín ń wá láìmọ̀. Kó fi ọ̀wọ̀ bèèrè, kó má tọrọ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Awakọ̀ ló láṣẹ.

Ẹ́ńjìnnì ń pariwo. Tí màmá bá ń lo ẹ̀rọ etí, ẹ rán wọn létí kí wọ́n dín in kù. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni ọwọ́ awakọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lórí àwọn irin eré, ó tì wọ́n síwájú, ilẹ̀ fò lọ, ẹ ò tíì rìn dé ìdajì rọ́nwéè tí táyà ti kúrò nílẹ̀. O ń rí omi, o ń rí àwọn màlúù létíkun, àfi bí mo ṣe rí i tí ọwọ́ yẹn tún ń fa irin padà sẹ́yìn. Mo ní ẹ̀n-ẹ́n, kí ló dé? Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ń wá báàgì rẹ̀ lábẹ́ ìjókòó. Ọjà ló lọ rà ní Kirkwall, kò tiẹ̀ wo fèrèsé.

ÀǹtíBíọ́lá_Inverness
Mo fẹ́ sọ nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ìjókòó mẹ́jọ ni. Owó ìjọba ìbílẹ̀ Orkney wà nínú rẹ̀, torí àwọn ará ibẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé e rìn: dókítà, olùkọ́ tó ń kọ́ni ní erékùṣù méjì mẹ́ta, ọmọ ilé ìwé, ẹni tó fẹ́ lọ rí oníṣègùn eyín. Tí ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́rin bá gba ìdajì bàálù kí bàbá kan lè ya fọ́tò, ó yẹ ká rò ó. N ò ní kẹ́ ẹ má lọ o. Mo ní kẹ́ ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí àwọn onílé lè mọ èyí tó ṣẹ́kù, tí ètò yín bá sì yí padà, ẹ tètè fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Bùọ̀dáSule_Ìkẹjà
Àǹtí Bíọ́lá, owó ni wọ́n fi ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, wọn ò jí i.

Ará_Òkun_Kirkwall
Ẹ̀yin méjèèjì ò jìnnà síra yín. Àwọn ará Papay fúnra wọn ń fẹ́ àlejò. Ohun tí kì í dùn mọ́ wọn ni ẹni tó bá balẹ̀, tó ya fọ́tò pátákó, tó sì padà wọlé láìra omi. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó sùn ní Papay mọ́jú. Ilé ìbùsùn kan wà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ará erékùṣù ń bójú tó, ṣọ́ọ̀bù wọn wà níbẹ̀ náà. Ẹ tún bèèrè bóyá wọ́n ṣì ń dín owó ọkọ̀ fún ẹni tó bá sùn. Wọ́n ti máa ń ṣe é rí.

Kò sì ní sú yín. Lápá ìwọ̀-oòrùn, létí omi, ni Knap of Howar wà. Ilé òkúta méjì tó fara kanra, tí ojú ọ̀nà kékeré kan já láti inú ọ̀kan sí èkejì. Èèyàn ti ń gbé inú rẹ̀ láti bí 3700 ṣáájú ìbí Kristi, kí wọ́n tó kọ́ àwọn pírámíìdì ní Íjíbítì nìyẹn. Ẹ máa tẹrí ba kẹ́ ẹ tó lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Àwọn pẹpẹ òkúta tí wọ́n ń gbé nǹkan lé ṣì wà lára ògiri, òkúta tí wọ́n fi ń lọ ọkà ṣì wà nílẹ̀. Tí ẹ bá jáde síta, Westray lẹ ó máa wò lódìkejì omi. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí géètì, kò sí ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì. Láti pápákọ̀, ẹsẹ̀ lè gbé yín dé ibẹ̀; gbogbo erékùṣù náà ò ju nǹkan bíi máìlì mẹ́rin lọ ní gígùn, máìlì kan ní fífẹ̀. Fún màmá, ẹ bèèrè mọ́tò ṣáájú.

Lókè pátápátá, ní North Hill, ilẹ̀ àwọn ẹyẹ ni. Ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, àwọn ẹyẹ tern máa ń gún èèyàn lórí tó bá sún mọ́ ìtẹ́ wọn. Ẹ gbé igi tàbí agboorùn sókè ju orí Débọ̀ lọ. Mi ò ṣàwàdà.

Ọmọ_Èkìtì_Glasgow
Òótọ́ ni o, fìlà mi ló gbà mí.

Onímáàpù_Leeds
Ẹ jẹ́ ká fi ti ọkọ̀ ojú omi sí i kó lè pé. Orkney Ferries ló ń gbé èrò. Kirkwall sí Rapness, níhà gúúsù Westray, wákàtí kan àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 25. Bọ́ọ̀sì máa ń dúró de èrò ní Rapness, á gbé yín lọ sí Pierowall lápá àríwá. Ní Pierowall, ọkọ̀ kékeré kan wà tí kì í gbé mọ́tò, èrò nìkan, ó ń lọ sí Papay. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni òun ń lò.

Ẹ wá wò ó: ìṣẹ́jú 2 lófurufú, ìṣẹ́jú 25 lójú omi. Ẹni bá gbọ́ á ní bàálù fi ìlọ́po méjìlá yá jù ú lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti wà ní Pierowall tẹ́lẹ̀, pápákọ̀ Westray ṣì jìnnà sí yín ní kìlómítà mélòó kan, ẹ gbọ́dọ̀ ti dé ibẹ̀ kí bàálù tó dé, wọ́n á wọn ẹrù, ẹ ó dúró. Ọkọ̀ ojú omi lè ti já yín sílẹ̀ kí bàálù tó gbéra. Ẹni tó ń ti Kirkwall bọ̀ ni bàálù ràn lọ́wọ́ jù. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi bá fi máa dé Rapness, ẹni tó wọ bàálù ti jẹun ọ̀sán tán.

Fún màmá, mi ò ní fọwọ́ sí ọkọ̀ kékeré yẹn. Ó ń mì, èèyàn sì gbọ́dọ̀ gbésẹ̀ láti etí èbúté sínú rẹ̀. Bàálù dára fún orúnkún ju ìyẹn lọ.

Tèmítáyọ̀_Bristol
Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn bàálù kékeré, Saba náà ń bẹ ní Caribbean o. Láti Sint Maarten, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni. Rọ́nwéè Saba ò ju nǹkan bíi mítà 400 lọ, òkè ní ẹ̀gbẹ́ kan, òkun ní orí méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kí ọkọ Àǹtí gbọ́ o.

ÌyáDébọ̀_Aberdeen
Ó ti kà á 🙄 Ó ń bi mí pé èwo ni Saba.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ètò tí mo ṣe. Ọjọ́ Monday, a wọ ọkọ̀ ojú omi láti Aberdeen sí Kirkwall, a sun ibẹ̀. Tuesday, bàálù àárọ̀, Kirkwall sí Westray, kó tún gbé wa kọjá sí Papay nínú ìyípo kan náà. A sùn ní Papay. Wednesday, bàálù padà sí Kirkwall. Thursday, a wà ní Kirkwall láìṣe nǹkankan, nítorí kùrukùru tí Ará Òkun sọ. Friday, a padà sí Aberdeen. Màmá ti gbà láti wọ̀ ọ́, wọ́n ní tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú méjì péré ni, àwọn á fi gbàdúrà.

ÀǹtíBíọ́lá_Inverness
Ètò tó dáa nìyẹn. Ẹ ṣé tí ẹ fi oorun Papay sí i. Màmá, ẹ kú ìgboyà o, ìṣẹ́jú 15 kan wà ṣáájú ìṣẹ́jú méjì yẹn ṣá.

Ará_Òkun_Kirkwall
Ó dára púpọ̀. Nǹkan díẹ̀ tí mo máa tún ṣe lára rẹ̀:

Ọkọ̀ tó ń ti Aberdeen bọ̀, wákàtí mẹ́fà ni, alẹ́ ló sì máa ń dé Kirkwall. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló ń ya ọ̀dọ̀ wa, torí náà ẹ rí i dájú pé ọjọ́ tí ẹ mú bọ́ sí i kẹ́ ẹ tó ra nǹkan mìíràn. Tí kò bá bọ́ sí i, bàálù Aberdeen sí Kirkwall wà. Ẹ sọ fún ilé ìbùsùn pé alẹ́ lẹ máa dé, kí wọ́n má ti ilẹ̀kùn mọ́ yín.

Pápákọ̀ Kirkwall ò sí nínú ìlú, ó tó nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún sí i. Bọ́ọ̀sì wà, ṣùgbọ́n fún bàálù àárọ̀ kùtù pẹ̀lú màmá àti ọmọ, ẹ pe takisí sílẹ̀ lálẹ́.

Ẹ má gbé báàgì onítáyà ńlá. Báàgì aṣọ tó ṣeé tẹ̀ ni kẹ́ ẹ mú, kí àwọn tó kù dúró sí Kirkwall. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, nínú oṣù kẹfà pàápàá. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í bi èèyàn léèrè oṣù.

Nípa ti Wednesday: ẹ bèèrè bóyá bàálù àbọ̀ yẹn máa kọ́kọ́ ya Westray kó tó wá sí Kirkwall. Tó bá máa yà, ọkọ yín á rí ìṣẹ́jú méjì lálọ, ìṣẹ́jú méjì lábọ̀, á sì lè fi èyí tí atẹ́gùn gbè wé èyí tí kò gbè. Kó fi fóònù ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀ títí yóò fi kanlẹ̀, torí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń jiyàn jù. Òmíràn ń kà á láti ìgbà tí bàálù bá ṣí ẹsẹ̀, ó wá ń pariwo pé ìṣẹ́jú mẹ́ta ni. Kí ó béèrè ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú, wọ́n máa ń fún àwọn tó bá fò ó.

Bùọ̀dáSule_Ìkẹjà
Ìwé ẹ̀rí fún ìṣẹ́jú méjì! Èmi tí mo jókòó wákàtí mẹ́rin ní Ọ́jọ́tà lánàá, ta ni ó fún mi ní tèmi?

Ọmọ_Èkìtì_Glasgow
😂😂 Bùọ̀dá Sule, ẹ lọ gba tiyín lọ́wọ́ LASTMA.

ÌyáDébọ̀_Aberdeen
Mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní àárọ̀ yìí. Ti Tuesday wà, ìjókòó mẹ́rin ti di tiwa, wọ́n sì ti kọ orúnkún màmá sílẹ̀. Àbọ̀ Wednesday kò ya Westray, tààràtà ni. Ọkọ mi ní kò burú, ẹ̀ẹ̀kan náà tó òun. Ẹ bá mi sọ èyí tó kù: ìhà wo ni kí Débọ̀ jókòó sí tó fi máa rí Papay kí a tó balẹ̀?

Onímáàpù_Leeds
Ìhàkíhà. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní fèrèsé lọ́tùn-ún lósì, orí ìjókòó ò sì ga tó láti dí i lójú. Tí atẹ́gùn bá ti ìlà-oòrùn wá, iwájú ni kó máa wò, á rí rọ́nwéè láti èjìká awakọ̀. Tó bá ti ìwọ̀-oòrùn wá tí wọ́n ń yí po, ẹ̀gbẹ́ tí bàálù bá dà sí ni yóò ti rí i, awakọ̀ nìkan ló sì mọ èyí tó máa jẹ́. Ẹ bi í kó tó gbéra.